Alága, Ẹ Dákun, Ẹ Mí

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìwé kíkà ló ń sọ èèyàn di alágbára, tàbí pé àyànmọ́ ni. Ilé ni. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ilé náà la sì ti ń kó ìwàkiwà jáde, a óò wá fi aṣọ ńlá bò ó, a óò ní kí gbogbo ìlú dìde fún un.

Alága ìlú kan ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló lò lórí àga. Kò kàwé jù, kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ tó bó ṣe rò, kò sì ní ọmọ ogun kankan lẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo tó fi borí gbogbo wa ni pé ó mọ èémí í dì mú. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá sọ ohun tí kò fẹ́ gbọ́, á fa èémí sínú, á pa ẹnu dé, á fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì bíi bàlúù, kò sì ní mí mọ́. Ojú rẹ̀ á ràn, ètè rẹ̀ á dúdú, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ohun tó fi ṣèjọba nìyẹn, látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ibi tó ti kọ́ ọ rèé. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, bí obìnrin ní àkọ́bí, lẹ́yìn náà ó bí ọmọ mẹ́ta, ó sì sin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí èyí wá dé, ọmọ ọdún méje ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ìyá ń pe ọmọ tuntun náà ní Má-lọ, orúkọ yìí ni wọ́n sì ń pè é nínú ilé títí ó fi di àgbàlagbà. Má-lọ pé ọmọ ọdún méjì, ó na ọwọ́ sí sísọ́ọ̀sì ìyá rẹ̀. Ìyá ní, "Rárá o, á gé ẹ lọ́wọ́." Má-lọ ké lẹ́ẹ̀kan, ó fa èémí sínú, kò sì tú u sílẹ̀. Ó dúdú, ojú rẹ̀ yí, ó ṣubú gbì. Kí bàbá wọn tó jẹ́ káfíńtà tó sáré wọlé tòun ti òòlù lọ́wọ́, ọmọ ti ń mí padà, sísọ́ọ̀sì sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Nọ́ọ̀sì àgbà kan yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ìyá, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe ọmọ yìí. Ìbínú ni. Tó bá tiẹ̀ dákú, ara rẹ̀ á mí fúnra rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tí kò rí nǹkan gbà, kò ní ṣe é mọ́."

Ìyá dúpẹ́, ó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ṣùgbọ́n kò lè tẹ̀ lé e, kò sì padà sí ilé ìwòsàn náà mọ́. Ẹ má bú u. Ẹni tó ti gbé ọmọ mẹ́ta fún ilẹ̀ kò lè dúró kó máa wo ìkẹrin kó máa dúdú lójú rẹ̀, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan péré. Èmi tí mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, mi ò rò pé mo lè ṣe é.

Láti ọjọ́ náà ni "rárá" ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ilé yẹn. Bí Má-lọ bá ní òjò ń rọ̀ nígbà tí oòrùn ń ràn kankan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sáré jáde lọ ká aṣọ lórí okùn. Bó bá ní òun ló ga jù nínú ilé, bàbá á tẹ̀ ba. Wọ́n mú un lọ sílé ìwé, tíṣà kọ́kọ́ fi tirẹ̀ hàn, ó fa igi pupa lé ìṣirò rẹ̀ lórí. Ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà, tíṣà ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ìwé kíkọ fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ lójú, ó sì ti yí àmì náà padà. Mo gbọ́ pé ní kíláàsì yẹn, títí tí gbogbo wọn fi jáde ìwé mẹ́wàá, méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, níbo ni yóò gbà tí kò ní di olóṣèlú?

Nígbà ìpolongo ìbò, alátakò rẹ̀ dìde níwájú èrò, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, gbogbo ohun tí o sọ láti àárọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀." Má-lọ fa èémí sínú, ó sì ṣubú lulẹ̀ lórí pèpéle. Àwọn ìyàwó ilé bú sẹ́kún. Wọ́n ní ìfẹ́ ìlú ló fẹ́ pa á, wọ́n ní irú èèyàn báyìí kò wọ́pọ̀. Alátakò yẹn kò rí ìbò ẹgbẹ̀ta kójọ, ìyàwó rẹ̀ gan-an kò dìbò fún un.

Báyìí ni Má-lọ ṣe di Alága. Wọ́n gba ọkùnrin kan sí iṣẹ́ ìjọba tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó di abẹ̀bẹ̀ mú lẹ́yìn àga rẹ̀ lọ. Wọ́n gba dókítà kan, wọ́n fún un nílé, wọ́n fún un ní mọ́tò. Nínú gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Alága bá ti wú, Akọ̀wé Àgbà á kọ́kọ́ dìde, á tẹrí ba, á ní, "Alága, ẹ dákun, ẹ mí." Àwọn tó kù á dìde, wọ́n á gbè é: "Alága, ẹ dákun, ẹ mí." Tó bá wá mí, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé Alága mí ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo ti fojú mi rí ìwé yẹn. Ó nípọn ju ìwé òfin ìlú lọ.

Lọ́jọ́ kan, Alága ní òun fẹ́ afárá, pé ìlú tí kò ní afárá kì í ṣe ìlú. Ẹnjiníà ní, "Ẹ má bínú, sà, kò sí odò nílùú wa." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló rí i tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń wú. Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, Ẹnjiníà ti ya àwòrán afárá. Ó wà níbẹ̀ títí dòní, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ewúrẹ́ ló ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ ó máa rò pé gbogbo wọn bẹ̀rù rẹ̀ ni. Àwọn kan ń jèrè. Akọ̀wé Àgbà tí mo dárúkọ yìí kò gọ̀. Bó bá fẹ́ kí àna rẹ̀ rí iṣẹ́ kan gbà lọ́wọ́ ìjọba, kò ní bẹ Alága rárá. Á yan ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀, á sọ fún un ní kọ̀rọ̀ pé, "Bí mo bá ti ka ìwé iṣẹ́ yẹn lórúkọ Alága tán, ìwọ dìde kí o ta kò ó." Onítọ̀hún á dìde, á ta kò ó, Alága á fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo ilé á bẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ á bọ́ sọ́wọ́ àna. Bó ṣe jẹ́ pé afẹ́fẹ́ inú Alága ló ń tukọ̀ ìlú nìyẹn, Akọ̀wé ló sì ń darí rẹ̀.

Ìgbéraga ò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ní ọdún kọkànlá, Alága pe gbogbo ìlú jọ, ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì. Díẹ̀ rèé níbẹ̀, kí ẹ lè mọ ohun tí a rí: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtàn ń béèrè lọ́wọ́ yín. Ìtàn ń kan ilẹ̀kùn yín, ó ní, níbo ni ọgbọ́n yìí ti kọ́kọ́ rákòrò? Níbo ni òye yìí ti kọ́kọ́ hu eyín? Ẹ má jẹ́ kí ìtàn máa rìn gbéregbère kiri. Ẹ jẹ́ ká fi ilé náà hàn án." Ohun tó ń sọ kò ju pé kí wọ́n sọ ilé tí wọ́n bí i sí di ibi tí àlejò á ti máa wá wòran ìgbà èwe rẹ̀.

Ilé náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀. Bàbá wọn ti kú, ìyá wọn náà ti kú, sí ọwọ́ obìnrin yìí kan náà, nínú yàrá ẹ̀yìn. Òun náà aránṣọ ni bíi ti ìyá. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé ló ń rán, nínú yàrá iwájú, lẹ́bàá fèrèsé, òun àti obìnrin méjì tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Àǹtí Aránṣọ.

Akọ̀wé Àgbà àti Ẹnjiníà wá wọn ilé náà. Ẹnjiníà tẹ́ okùn ìwọ̀n, ó ká a, ó tún un tẹ́, ó ní, "Yàrá méjì ni, sà. Méjì péré."

Akọ̀wé fi ọwọ́ sí imú, ó ronú. Ó ní, "Ìgbà èwe Alága kò lè gba inú yàrá méjì. Ẹ wó o. Ẹ kọ́ èyí tó jẹ́ ojúlówó. Yàrá méjìlá, àti yàrá ìkàwé."

Àǹtí Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá wó ilé tí wọ́n bí i sí, kí lẹ fẹ́ fi han àwọn àlejò?"

"Ilé tó yẹ kí wọ́n ti bí i sí ni, mà," Akọ̀wé dá a lóhùn, kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Èmi ńkọ́?"

"A ti wá yàrá kan fún yín, mà, lẹ́yìn ilé ìpẹran. Atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀ dáadáa." Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé ọjọ́ méje ló kù.

Lọ́jọ́ kẹta, Alága fúnra rẹ̀ wá pẹ̀lú àwọn ayàwòrán mẹ́rin. Ó gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ra lẹ́ẹ̀mejì, nítorí àwòrán àkọ́kọ́ kò mọ́lẹ̀ tó. Ó ní, "Àǹtí mi, inú yín á dùn gan-an. Orúkọ yín á wà lára ògiri, lápá ìsàlẹ̀."

Obìnrin náà ní, "Má-lọ, inú ilé yìí ni ìyá wa kú sí. Ibí ni mo ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ mi. Kò sẹ́ni tó máa rìn dé ẹ̀yìn ilé ìpẹran torí kí n bá a rán bọ́tìnì."

"Ṣé ẹ gbà tàbí ẹ ò gbà?"

"Rárá" dé ẹnu obìnrin náà. Ó rí i tí àyà àbúrò rẹ̀ ti ń gòkè, tí ihò imú rẹ̀ ti ń gbòòrò, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì, bó ṣe ti ń gbé e mì láti àádọ́ta ọdún. Alága mú ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ bíi bẹ́ẹ̀ ni, ó wọ mọ́tò lọ. Ojú ara rẹ̀ ti Àǹtí Aránṣọ lọ́jọ́ yẹn. Ó jókòó ti ẹ̀rọ títí ọ̀sán fi pọ́n, kò rán ohunkóhun. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wọn kò mọ̀ pé irú kan ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn tí kò ní tà á, tó jẹ́ pé yóò kàn wó o kó lè fi yin ara rẹ̀.

Òfin ìlú ní kí onílé wá fọwọ́ sí ìwé níwájú ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó lè wó ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ keje, Àǹtí Aránṣọ wọ gbọ̀ngàn, wọ́n fún un ní àga níwájú. Akọ̀wé Àgbà ka ìwé náà, ojú ewé mẹ́sàn-án, mẹ́fà níbẹ̀ jẹ́ oríyìn. Ó fi gègé lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ fọwọ́ síbí, mà, kí ìtàn lè sinmi."

Àǹtí Aránṣọ fi gègé sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní, "Rárá."

Ọdún mọ́kànlá ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti wọ inú gbọ̀ngàn náà láìjẹ́ pé Akọ̀wé ló rán an. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń sùn jí. Alága fa èémí sínú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú. Alábẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbogbo wọn dìde: "Alága, ẹ dákun, ẹ mí."

"Mà, ẹ tètè yí ọ̀rọ̀ yín padà," Akọ̀wé ní, "ẹ fẹ́ pa olórí wa."

"Ẹ jókòó, gbogbo yín. Kò ní kú." Àǹtí Aránṣọ yíjú sí dókítà. "Dókítà, ẹ̀yin lẹ kàwé. Ṣé èémí tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ dì mú lè pa á?"

Dókítà wo ilẹ̀. Ó rántí ilé, ó rántí mọ́tò. Ó ní, "Mà, ọ̀rọ̀ ìṣègùn jinlẹ̀."

"Mi ò bi yín bó ṣe jinlẹ̀ tó. Ṣé ó lè pa á?"

"Kò lè pa á, mà," dókítà ní, ohùn rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. "Tó bá dákú, á mí."

Ẹ ó rò pé òtítọ́ yìí ló mú kí ilé jókòó. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Akọ̀wé Àgbà ló kọ́kọ́ jókòó, nítorí ó ti rántí pé bí Alága bá kú sórí àga, òun ni òfin ní kó dípò rẹ̀. Ó rọra ṣí ìwé òfin sí ojú ewé náà, ó ń wo Alága pẹ̀lú ìrètí. Nígbà tí àwọn tó kù rí i pé Akọ̀wé jókòó, àwọn náà jókòó. Alábẹ̀bẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀.

Alága ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ ti yọ síta. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ojú náà ṣeni láàánú, ó ń wá ẹni tí yóò bẹ̀ ẹ́. Àǹtí Aránṣọ di àga mú kó má bàa dìde lọ bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀, Alága ìlú ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ gbì, ẹsẹ̀ ta, aṣọ ńlá bò ó lójú. Ara rẹ̀ sì mí fúnra rẹ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Alága kò wo iwájú, kò wo ẹ̀yìn. Òrùlé ló ń wò, ó ń dúró de àtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ kò sì wá.

Ẹnjiníà dìde. Ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Alága, mo ti ń fẹ́ sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Kò sí odò lábẹ́ afárá yẹn."

Bí omi ṣe ń ya ògiri amọ̀ nìyẹn. Ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ kọ̀wé pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Awakọ̀ Alága ní òun ò ní máa gba ọ̀nà àlọ bọ̀ mọ́. Adènà bi Alága ní ẹnubodè ọ́fíìsì pé ta ló fẹ́ rí. Tẹ́lọ̀ sọ fún un pé aṣọ tuntun náà kò bá a mu, ó sì tún un sọ nígbà tó rí i pé òun kò kú. Ìlú tí kò ti sọ "rárá" láti ọdún mọ́kànlá gbádùn rẹ̀ débi pé àwọn mìíràn ń sọ ọ́ fún ara wọn láìní ìdí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìgbìmọ̀ dìbò lórí bóyá kí Alága máa lọ. Ó fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fẹ̀ ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìwé ìpàdé ọjọ́ náà ní: Alága dákú. Ìpàdé ń tẹ̀ síwájú. Nígbà tó jí, wọ́n ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, wọ́n ń jiyàn lórí gọ́tà. Akọ̀wé Àgbà jáde fún ipò náà. Gbogbo ilé wò ó, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ fún un.

Wọ́n gba ilé ìjọba lọ́wọ́ Má-lọ, wọ́n gba mọ́tò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àǹtí Aránṣọ gbójú sókè lórí ẹ̀rọ, ó rí àbúrò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti àpótí kan tó gbé fúnra rẹ̀. Ó ti rù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un lómi, ó mu ún lórí ìdúró.

Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ mọ̀ láti kékeré pé kò ní pa mí. Mo gbọ́ pé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ ọ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ dúró dìgbà tí gbogbo ayé máa wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí n mọ̀?"

Àǹtí Aránṣọ ti ń retí ìbéèrè yìí, síbẹ̀ kò rọrùn fún un. Ó ní, "Bàtà pupa tí mo wọ nígbà tí mo wọ kíláàsì kẹfà, ta lo rò pé ó rà á?"

"Ìyá wa ni."

"Ìwọ ni. Mo tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kò sówó. Mo bá fà ẹ́ sí kọ̀rọ̀, mo ní kí o sọ pé o fẹ́ kí n wọ bàtà pupa. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ẹ́. O di èémí títí o fi ṣubú, nítorí tèmi. Wọ́n rà á lọ́jọ́ kejì." Ó nu ojú. "Ìgbà yẹn nìkan kọ́, Má-lọ. Ohun tí akọ̀wé ẹ fi ẹ́ ṣe, èmi ni mo kọ́kọ́ fi ẹ́ ṣe é. Ìdí tí mi ò fi sọ fún ẹ nìyẹn. Ó ń wúlò fún mi. Ìgbà tó kan ilé tèmi ni mo tó la ẹnu. Má bínú."

Má-lọ ní, "Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe gbogbo yín."

"Ó ń ṣe wá. Ó ń ṣe ìyá gan-an ni."

Má-lọ gbé ife sílẹ̀. Ó wo yàrá iwájú, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, tí ẹ̀rọ mẹ́ta wà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n máa sùn síbí. Kí wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ yìí lọ sẹ́yìn."

"Rárá. Ibí ni mo ti ń ṣiṣẹ́."

Àwọn obìnrin méjì tó ń kọ́ṣẹ́ dá ẹ̀rọ dúró. Àyà Má-lọ gòkè díẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni, ó sì béèrè pẹ̀lú òótọ́ inú, bí ẹni tó dé ìlú tí kò mọ̀: "Tí wọ́n bá ti sọ pé rárá fún èèyàn, Àǹtí mi, kí ni onítọ̀hún máa ń ṣe?"

"Á gbé àpótí ẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Tó bá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tán, á wá jẹun."

Ó dúró díẹ̀, ó ń rò ó. Lẹ́yìn náà ó gbé àpótí náà, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kọjá lọ sẹ́yìn.